Bóbátiwùyín Fẹ́ Ra Kẹ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, kó má baà dà bíi pé mo ń bú ọkọ mi: kò sí ẹni tó mọ irun gẹ̀ jù ú lọ ní gbogbo àdúgbò wa. Bí ọmọ ọwọ́ tó ń ké bá jókòó sórí àga rẹ̀, á dákẹ́. Bí àgbà bá jókòó níbẹ̀, á sùn lọ. Àmọ́ ẹ má bi í pé kí ló fẹ́ o. Ìbéèrè tó le jù lọ láyé lẹ bi í yẹn.

Bóbátiwùyín ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bí oníbàárà bá jókòó, á da aṣọ funfun bò ó lọ́rùn, á gbọn kóòmù, á ní, "Báwo la ṣe máa ṣe é?" Oníbàárà á ní kó gé e mọ́lẹ̀, tàbí kó fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè. Òun á ní, "Bó bá ti wù yín." Láàárọ̀, bó bá ti wù yín. Lọ́sàn-án, bó bá ti wù yín. Ó sọ ọ́ títí, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bó bá délé tí mo ní kí la máa jẹ, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó máa sọ.

Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò, kọ́tìnì ló pín in sí méjì: òun níwájú pẹ̀lú dígí àti àga, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú máṣíìnì mi. Kò sí ohun tí wọ́n sọ níwájú tí mi ò gbọ́. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa, ṣe ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Wọ́n á ní iná ti lọ ni.

Ẹ wá gbọ́ bí ayé ọkùnrin yìí ṣe rí. Ìyá rẹ̀ ló yan iṣẹ́ fún un. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu, kó lọ máa ṣòwò, pé èyí lọ́wọ́ tó rọ̀, kó lọ máa gẹrun. Ẹ̀gbọ́n ló yan ṣọ́ọ̀bù fún un. Ọmọ wa obìnrin ló yan awò ojú tó ń lò, pupa fòò ni, àgbàlagbà! Èmi ni mo yan ilé tí à ń gbé. Ká má tan ara wa, èmi ni mo yan òun alára. Mo retí ẹ̀ títí kó sọ̀rọ̀ ìfẹ́, kò sọ ọ́, mo bá dúró síwájú ẹ̀, mo ní, "Ẹ gbọ́, ṣé a máa fẹ́ra wa ni àbí a ò ní fẹ́ra wa?" Ohun tó fi dá mi lóhùn kò ṣàjèjì sí yín. Ó dùn mọ́ mi nígbà náà, ọmọdé ló ń ṣe mí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún dúró lójú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rojọ́ dandan. Iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, bó bá di ìrọ̀lẹ́ ẹsẹ̀ á wú, bàtà ò ní gbà á mọ́. Dókítà wò ó, wọ́n ní iṣẹ́ àdúróṣe ló fà á. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀, kò rọ́nà gòkè. Wọ́n ní kó wá ohun tí yóò máa mú ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láìni ín lára, pé gígun kẹ̀kẹ́ ló dáa jù. Bí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó yáa fi iṣẹ́ àdúróṣe sílẹ̀.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú àtijókòó gẹrun. Ó gbé àpótí sẹ́yìn oníbàárà, ó jókòó lé e. Ọ̀gá báńkì kan ló fi ṣe ìdánwò. Nígbà tí ọ̀gá náà dìde, ìpàkọ́ rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àmọ́ irun àtàrí dúró gágá lókè níbẹ̀, torí ọkọ mi ò rí òkè láti orí àpótí. Ọ̀gá náà wo dígí, ó wo ọkọ mi, ó tún wo dígí. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń gbé ẹsẹ̀ lé àpótí yẹn.

Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ ni, tàbí kó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bí ọkùnrin yìí bá sì ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí ló kù fún un? Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín sókè. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Mo ń rò ó bó ṣe máa jókòó sílé láti àárọ̀, tí á máa wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí á máa bi mí léèrè bóyá kí òun mu tíì tàbí kí òun má mu tíì.

Kì í ṣe pé a ò gbìyànjú nǹkan mìíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra ẹ̀rọ kan fún un, èyí tí ènìyàn máa ń sáré lórí ẹ̀ láìkúrò lójú kan. Ó sáré lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lójú ẹ̀gbọ́n. Aṣọ tútù ni mò ń sá sórí ẹ̀ báyìí, ó sì ń gbà dáadáa. Èmi ní kó lọ kọ́ omi wíwẹ̀. Ó lọ, ó ti ẹsẹ̀ bomi, ó padà wálé. Ọmọ wa ra okùn ìfò fún un, okùn ọ̀hún la fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kí atẹ́gùn má máa gbá a. Kò kọ ìkankan nínú wọn o. Ẹ̀rín ló fi gba gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ irú ẹni tí mo fẹ́: ohun tí ẹlòmíràn bá yàn fún un, kì í kọ̀ ọ́, kì í sì í lò ó.

Àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa fẹ́ rìnrìn àjò, ó ní kó bá òun tọ́jú kẹ̀kẹ́ òun. Kẹ̀kẹ́ orí títì ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ sì ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Mi ò mọ ohun tó ṣe é, ó gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kejì, ó tún gùn ún. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn kan nílé ìwẹ̀, mo rò pé ẹ̀rọ omi ló bàjẹ́. Mo sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ló ń súfèé! Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, bàtà ń gbà á nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì dé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Súfèé dákẹ́.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, à ń jẹun lọ́wọ́, mi ò bi í ní nǹkan kan, ó ní, "Mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́." Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò tíì gbọ́ "mo fẹ́" lẹ́nu ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀ ká ní kẹ̀kẹ́ kan ló wà láyé. Ọkùnrin tó ń ta kẹ̀kẹ́ ń bẹ ní òdìkejì títì, ó kọjú sí wa gan-an. Oníkẹ̀kẹ́ là ń pè é. Orí rẹ̀ pá, àmọ́ ó ṣì ń wá fárí lọ́dọ̀ ọkọ mi, torí kò gbà pé òun ti pá. Ó gbé kẹ̀kẹ́ méjì jáde, ó ní méjì yìí nìkan ló bá gíga ọkọ mi mu.

Àkọ́kọ́, torí atẹ́gùn ni wọ́n ṣe ṣe é. Gbogbo irin ara rẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ bí ojú ọ̀bẹ, ìjókòó rẹ̀ ga, ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ réré, ẹni tó bá gùn ún á tẹ̀ síwájú bí ẹni ń kí ọba, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Oníkẹ̀kẹ́ ní bí títì bá tẹ́jú, ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ò ní mọ ohun tó kọjá. Èmi sọ ọ́ ní Gé-Afẹ́fẹ́. Èkejì ò ní ariwo kankan lára. Ó fúyẹ́, ó ń gun òkè, ó ń gba ibi tó tẹ́jú, táyà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i nítorí ọ̀nà tí kò dán, ẹni tó bá gùn ún sì lè gbórí sókè. Ìyẹn ni mo pè ní Gbogbo-Ọ̀nà. Oníkẹ̀kẹ́ ní ẹnì kan tún ń bèèrè wọn, kí ọkọ mi sọ èyí tó fẹ́, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ Sátidé.

Èmi ti yàn kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀. Orí òkè nilé wa wà. Ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ débi pé kò sí ibi tí wọn ò lẹ̀. Ọkùnrin tó ń tẹ orí ba látàárọ̀ dalẹ́, kí ló fẹ́ fi dídọ̀bálẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ṣe? Gbogbo-Ọ̀nà ni! Afọ́jú gan-an á fọwọ́ kàn án, á mọ̀. Àmọ́ mo pa ẹnu mi dé. Bí mo bá sọ ọ́, á ní, "Bó bá ti wù ẹ́," a ó rà á, á rẹ́rìn-ín, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìsáré, n óò sì tún ríbi sá aṣọ sí. Ẹsẹ̀ á sì máa wú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tó ná mi láti dákẹ́. Ẹnu ń yún mi bí ẹni tí èèrà bọ́ sí i lẹ́nu.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé bí èmi ò bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìlú á bá mi sọ ọ́. Ọkọ mi ò lè dá a pinnu, ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga. Alápatà ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ní nǹkan kan ló ṣe pàtàkì lára kẹ̀kẹ́, bíréèkì ni. Ó ní òun ti gbọ́ nípa bíréèkì aláwo tuntun yìí, èyí tí wọ́n fi àwo irin róbótó sí àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí bíréèkì á gbá àwo náà mú dípò rímù tó gbé táyà, ì báà jẹ́ nínú òjò. Ó ní èyí tó bá ní i ni kó rà. Ó sọ ọ́ títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi tán nílẹ̀. Ọkọ mi ní, "Bó bá ti wù yín." Ni Oníkẹ̀kẹ́, tó ń dúró de àga, bá ní, "Àwọn méjèèjì ló ní i." Alápatà nu ẹnu, ó ní, "Ẹ̀hẹn. Ẹ kúkú ra méjèèjì."

Ti Tíṣà ló wá burú jù. Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ sí ìdánwò ju ìdáhùn lọ. Wọ́n ní kò yẹ ká máa fi ẹnu lásán jà nípa atẹ́gùn, pé atẹ́gùn wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Wọ́n nawọ́ sí fáànù wa, èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀. Wọ́n ní ká gbé kẹ̀kẹ́ méjèèjì wá, kí ọkọ mi gorí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká tan fáànù dé ìparí, ká wá fọ́n páúdà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́rùn oníbàárà sínú atẹ́gùn náà. Wọ́n ní a ó fi ojú ara wa rí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ọkọ mi ní, "Bó bá ti wù yín."

Mo ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, mo ti ṣí kọ́tìnì. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ sórí Gé-Afẹ́fẹ́ níwájú dígí pẹ̀lú awò pupa lójú. Oníkẹ̀kẹ́ di kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn. Tíṣà tan fáànù, wọ́n ṣí agolo páúdà, wọ́n fọwọ́ gbá a nídìí. Ẹ gbà mí o! Gbogbo agolo náà ló tú dà. A ò rí atẹ́gùn, a ò rí kẹ̀kẹ́, a ò rí ara wa. Aṣọ ìgbéyàwó dúdú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún ọkọ ìyàwó kan, tí mo gbé kọ́ sára ògiri, funfun ló dà. Nígbà tí ìkúukùu náà lọ sílẹ̀, ọkùnrin méjì tí wọn ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìpéǹpéjú funfun. Tíṣà ń wúkọ́. Wọ́n ní, "Ó... ó hàn gbangba pé atẹ́gùn wà." Mo ní, "Tíṣà, ẹ jáde!" Àgbà ni wọ́n, mo mọ̀, àmọ́ mo ti sọ ọ́.

Títí di ọjọ́ Jímọ̀, bó ṣe rí nìyẹn. Láàárọ̀ ọkọ mi á ti ra Gé-Afẹ́fẹ́, lọ́sàn-án á ti ra Gbogbo-Ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ẹni tó bá jókòó kẹ́yìn ló ń gbé wálé. Mo bi í nídìí oúnjẹ, mo ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?" Ó wò mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo ki búrẹ́dì bọ ẹnu ara mi. Mi ò sọ ọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Sátidé pé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Táyà mọ́tò ni ẹ̀gbọ́n ń tà, ohùn wọn sì dà bí ìgbà tí táyà bẹ́. Wọ́n sanra, wọ́n lawọ́, wọ́n nífẹ̀ẹ́ àbúrò wọn débi pé wọn ò jẹ́ kó mí. Wọ́n gbé mọ́tò akẹ́rù wá láti fi gbé kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

"Ìyàwó, o káre," ni wọ́n wí, wọ́n kọjá lára mi wọnú ṣọ́ọ̀bù Oníkẹ̀kẹ́. "Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ lórí fóònù. Èwo ló ń yára jù nínú wọn?"

Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Lórí títì tó tẹ́jú, eléyìí ni, àmọ́—"

"Kò sí àmọ́ ńbẹ̀. Eléyìí la fẹ́. Ṣé ẹ̀yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ni àbúrò tèmi á máa wò ni? Bí kò bá ti ní sáré, kó kúkú máa fẹsẹ̀ rìn." Wọ́n yíjú sí ọkọ mi, wọ́n wò ó kòró lójú. "Àbí báwo?"

Ọkọ mi wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní, "Bó bá ti wù yín, ẹ̀gbọ́n."

Mo rí kẹ̀kẹ́ yẹn pẹ̀lú aṣọ tútù lára ẹ̀ bí mo ṣe ń rí yín yìí. Mo rí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú àgádágodo. Mo ki etí ìborùn mi bọ ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, kí ẹnu mi má baà ṣí.

Oníkẹ̀kẹ́ gbé Gé-Afẹ́fẹ́ ka orí irin kan tó máa ń di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú kí kẹ̀kẹ́ má ṣubú. Ó ní kí ọkọ mi gorí ẹ̀, kí òun wo bí ìjókòó ṣe máa ga tó. Ọkọ mi gbé ẹsẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ gùn ún ná."

Mo mọ ọkọ mi, kò sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nílé wọn nìyẹn: ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ bu omi, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀gbọ́n náà ò sì kọ ipò iwájú rí láyé wọn. Wọ́n ní, "Kò burú." Wọ́n ká ṣòkòtò sókè.

Oníkẹ̀kẹ́ tì wọ́n níhìn-ín, èmi gbé wọn lọ́hùn-ún, a ṣe é títí ìdí wọn fi dé orí ìjókòó. Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ wá na ọwọ́ síwájú, bàbá. Ẹ tún nà án sí i." Wọ́n na ọwọ́, ikùn wọn ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n sún bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Bọ́tìnì náà ta pá, ó lọ ba dígí fèrèsé. Wọ́n ṣáà tẹ̀ síwájú títí ọwọ́ wọn fi tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n há sí. Wọn ò lè dìde mọ́. Ojú wọn kọ sí táyà iwájú, ìdí wọn sì wà lókè ọ̀run.

"Báwo lara, ẹ̀gbọ́n?" ni mo bi wọ́n. Ó yẹ ká máa bèèrè àlàáfíà àgbà.

"Ó... ó dáa," táyà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Ó ń yára. Mo ti mọ̀ ọ́n lára pé ó ń yára."

Kẹ̀kẹ́ ò tíì kúrò lójú kan o.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀." Oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jà, kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ má baà ṣẹ́, òun ń bọ̀ wá tú u. Ó lọ wá sípánà. A ń gbọ́ bó ṣe ń da irin rú nínú yàrá ẹ̀yìn.

Ìgbà yẹn ni mo rí ọkọ mi tó lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń wo ìpàkọ́ wọn. Ojú rẹ̀ yí padà, ojú tó máa ń ṣe nídìí iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló gẹ eléyìí?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Ọ̀tún ò dọ́gba pẹ̀lú òsì." Ó ti yọ kóòmù àti sísọ́ọ̀sì láti àpò kóòtù rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́. "Ẹ má mira o. Etí yín."

Ẹni tó bá gbọ́ dídún sísọ́ọ̀sì nídìí etí, á dúró jẹ́ẹ́, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi gé ọ̀tún, ó gé òsì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí.

"Hẹn."

"Mi ò fẹ́ ẹ."

"Kí ni o ò fẹ́?"

"Kẹ̀kẹ́ yìí. Mi ò fẹ́ ẹ."

Mo dáwọ́ ìborùn jíjẹ dúró. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò sì gbọ̀n. Bí ó ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀dá náà ló ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ wo orí ènìyàn. Bí mo bá tún wá gun eléyìí, táyà ni n óò máa tẹ̀ wò. Kẹ̀kẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn, bí mo bá ń gun òkè lọ sílé, mo máa ń gbórí sókè. Mo máa ń rí àwọn ènìyàn lójú fèrèsé wọn, wọ́n á juwọ́ sí mi. Inú dígí ni mo ti máa ń rí ojú wọn tẹ́lẹ̀. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Èkejì yẹn ni mo fẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbórí sókè láti wí tiwọn. "Àgbà kì í wà lọ́jà—"

"Ẹ má mi orí, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n tẹ orí padà sílẹ̀. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Nígbà tó yá, ohùn wọn jáde láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀, kéékèèké, mi ò mọ̀ pé wọ́n ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà tí mo bi ẹ́?"

Ọkọ mi gbọn irun kúrò lára kóòmù. Ó ní, "Ẹ ń wò mí lójú nígbà yẹn."

Mo bú sẹ́kún, ẹ má bi mí nídìí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń dúró síwájú ọkùnrin yìí, mò ń pariwo mọ́ ọn lójú pé kó sọ̀rọ̀! Oníkẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú sípánà, ó rí ẹni tó há, ó rí ẹni tó ń gẹrun, ó rí ẹni tó ń sunkún, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dá sí. A tú ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n fọwọ́ pa ìpàkọ́, wọ́n lọ wo ara wọn nínú dígí fèrèsé. Wọn ò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n ní, "O gé e dáadáa." Wọ́n wá sọ fún Oníkẹ̀kẹ́ pé, "Gbé èkejì fún un."

Ẹ má rò pé ọkàn mi balẹ̀. Kéèyàn fẹ́ nǹkan lọ́tọ̀, kó lò ó lọ́tọ̀. A gbé Gbogbo-Ọ̀nà délé, a gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, òjò rọ̀ látàárọ̀ títí di alẹ́. Ọkọ mi nu kẹ̀kẹ́, ó tún un nù, ó lọ jókòó. Lọ́sàn-án mo kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí i pé èmi fúnra mi ti gbàgbé ìborùn mi tó tutù sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Háà! Mo já a bí ẹni tó rí ejò, mo wẹ̀yìn wò bóyá ó rí mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bẹ́ẹ̀dì ti tutù. Mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Mo wọṣọ, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé n óò bá a níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Alápatà dé, ó jókòó, ó ń wo aago. Ọ̀gá báńkì náà dé, ó dúró, kò fẹ́ jókòó títí yóò fi mọ ibi tí àpótí wà. Oòrùn ti yọ dáadáa. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n ni.

"Fún ọkọ ẹ ní fóònù."

"Wọn ò sí níbí, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò sì sí nílé. Wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ jáde láti ìdájí."

"Kò tíì dé títí di ìsinsìnyí? Ọ̀nà ibo ló gbà?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe? Ta ló rán an?"

Alápatà ń wò mí, ọ̀gá báńkì ń wò mí. Mo nu ojú.

"Kò sẹ́ni tó rán wọn, ẹ̀gbọ́n."